Ẹyin, ìtẹ́ àti ọmọ: kí ni àpáta lè sọ fún wa nípa bí dáínásọ̀ ṣe tọ́jú ọmọ rẹ̀?

Ní ọdún 1923, ikọ̀ kan láti American Museum of Natural History ní ìlú New York, tí Roy Chapman Andrews jẹ́ olórí wọn, ń wá egungun àwọn ẹranko àtijọ́ ní aṣálẹ̀ Gobi ní ilẹ̀ Mòǹgólíà, nígbà tí wọ́n ṣalábàápàdé àwọn ẹyin tó ti di òkúta nídìí àwọn òkè pupa tí àwọn òyìnbó ń pè ní Flaming Cliffs. Nítorí pé egungun dáínásọ̀ kan tó ń jẹ́ Protoceratops pọ̀ gan-an ní àgbègbè náà, wọ́n gbà pé òun ló yé àwọn ẹyin wọ̀nyí. Lórí ọ̀kan nínú àwọn ìtẹ́ náà ni wọ́n ti bá egungun dáínásọ̀ mìíràn, èyí tí kò ní eyín lẹ́nu ṣùgbọ́n tó ní àgógó bíi ti ẹyẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Henry Fairfield Osborn sọ ẹranko yìí ní Oviraptor, ìyẹn ẹni tó ń jí ẹyin gbé, nítorí ó dà bí ẹni pé ikú ká olè mọ́ ibi tó ti ń jalè. Osborn fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà nípa ìwà ẹranko ọ̀hún, àmọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ kò tàn kálẹ̀ tó bí orúkọ náà ṣe tàn.

Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ, orúkọ yìí sì ro Oviraptor fún nǹkan bí 70 ọdún. Ní ọdún 1993, Mark Norell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan náà, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Mòǹgólíà, dé ibì kan ní Gobi tó ń jẹ́ Ukhaa Tolgod. Wọ́n rí ẹyin kan níbẹ̀ tó jọ irú èyí tí wọ́n rí ní 1923, ṣùgbọ́n apá kan èèpo rẹ̀ ti ṣí, ọlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì hàn síta. Egungun ọlẹ̀ náà kì í ṣe ti Protoceratops rárá. Ti ẹbí Oviraptor ni. Ìròyìn náà jáde ní 1994, ó sì yí ẹjọ́ náà padà pátápátá. Ẹranko tí wọ́n pè ní olè ti wà lórí ẹyin irú ara rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹyin tirẹ̀ gan-an ló kú lé. Òfin tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń sọ ẹ̀dá lórúkọ kò gbà kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá òtítọ́ mu mọ́, nítorí náà Oviraptor ṣì ń jẹ́ olè títí di òní. Ó dùn mí fún ẹranko náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní 70 mílíọ̀nù ọdún tí irú rẹ̀ ti wà láyé.

Láti ìgbà náà ni àwárí lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gorí ara wọn, àríyànjiyàn sì ń tẹ̀ lé wọn. Kò sí ẹni tó ń jiyàn mọ́ pé dáínásọ̀ kan wà tó jókòó ti ẹyin rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà báyìí ni bí ìtọ́jú náà ṣe jìnnà tó: ṣé ó dópin ní ọjọ́ tí ẹyin pa ni, àbí òbí ń bọ́ ọmọ, ń ṣọ́ ọ, tí ó sì ń kó o káàkiri fún oṣù tàbí ọdún? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí lè yí bí a ṣe ń fojú inú wo gbogbo ayé ìgbà náà padà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà “ìtọ́jú” wò. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ pé iṣẹ́ àgbébọ̀ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó ń sàba lé ẹyin kí ó lè gbóná, ó sì ń kọjú ìjà sí ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn òròmọdìẹ bá jáde, ó ń tan ilẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, ó ń ké nígbà tí àṣá bá ń rà bàbà lókè, ó sì ń kó wọn sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ̀dá kan lè ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí kí ó má sì ṣe ìyókù. Lójú tèmi, ìdajì ìjà tó ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ dáínásọ̀ ló ti ibi kan náà wá: ẹnì kan rí ẹ̀rí ìsàba, ó sì sọ pé ẹ̀rí ìbọ́mọ ni, ẹlòmíràn rí ọmọ tó lè dá rìn, ó sì sọ pé kò ní òbí tó ń ṣọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dáínásọ̀ kì í ṣe ẹran kan ṣoṣo. Àwọn kan wà tí kò tóbi ju tòlótòló lọ, àwọn kan sì wà tí ìwúwo wọn ju ti ọ̀pọ̀ erin tí a kó pọ̀ lọ. Àkókò tó wà láàárín Massospondylus, tó gbé ní Gúúsù Áfíríkà ní nǹkan bí 190 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àti Tyrannosaurus rex, tó parẹ́ ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, gùn ju èyí tó wà láàárín Tyrannosaurus àti àwa tí a ń ka ìwé yìí lọ. Kò bọ́gbọ́n mu kí a retí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi tọ́ ọmọ.

Ìwà kì í di òkúta bí egungun ṣe ń dì í, nítorí náà àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ máa ń wo ìbátan dáínásọ̀ tó ṣì wà láàyè. Ẹyẹ jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ dáínásọ̀ gan-an, ọ̀nì sì jẹ́ ìbátan tó sún mọ́ wọn láti orísun kan náà. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò mọ̀ pé abo ọ̀nì kì í fi ìtẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí ẹyin fi ń gbóná nínú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ké láti inú ẹyin, ìyá wọn á hú ilẹ̀ náà, á rọra fi ẹnu gbé wọn, á sì kó wọn lọ sínú omi. Bí ẹyẹ bá ń ṣọ́ ìtẹ́, tí ọ̀nì náà sì ń ṣọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kí baba ńlá àwọn méjèèjì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí dáínásọ̀ tó wà láàárín wọn sì jogún rẹ̀. Àmọ́ ìṣeéṣe nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn ẹyẹ kan wà ní Ọsirélíà àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀ tó ń ri ẹyin wọn mọ́ inú òkìtì ewé jíjẹrà. Ọmọ wọn á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ walẹ̀ jáde, á sì bá tirẹ̀ lọ láì rí òbí kankan. Ẹ̀rí gidi gbọ́dọ̀ ti inú ilẹ̀ wá.

Lórí ìsàba, ẹ̀rí náà lágbára. Ní 1995, Norell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe egungun kan láti Ukhaa Tolgod, ti ẹranko tí a wá mọ̀ sí Citipati, tó sún mọ́ Oviraptor pẹ́kípẹ́kí. Ẹranko náà jókòó sí àárín ìtẹ́, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́, ó sì na apá rẹ̀ bo àwọn ẹyin tó yí i ká. Iyanrìn ló bò ó mọ́lẹ̀ lójijì ní ipò yẹn. Ẹni tó bá wo àwòrán rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un, nítorí bí àgbébọ̀ ṣe ń jókòó nìyẹn.

Síbẹ̀, àwọn kan béèrè ìbéèrè tó tọ́: báwo ni a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹranko náà ń yé ẹyin lọ́wọ́ nígbà tí ikú dé? Ìdáhùn tó dára jù lọ ti Ganzhou ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà wá. Àwọn onímọ̀ tí Shundong Bi ṣáájú wọn kọ nípa egungun kan níbẹ̀ tó wà lórí ẹyin tí kò dín ní 24, tí ọlẹ̀ sì hàn nínú 7 nínú wọn. Àwọn ọlẹ̀ náà ti dàgbà gan-an, àwọn kan tilẹ̀ ti dàgbà ju àwọn mìíràn lọ. Ẹni tó ń yé ẹyin lọ́wọ́ kò lè ní ọlẹ̀ tó ti gbó nínú ẹyin náà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ohun tó wà nínú egungun àti èèpo ẹyin náà fi hàn pé ìgbóná tó wà nínú ìtẹ́ bá ti ara òbí tó ń sàba mu. Wọ́n tún bá òkúta wẹ́wẹ́ nínú ikùn àgbà náà, irú èyí tí a máa ń bá nínú iwe adìẹ.

Ohun kan tó wú mi lórí púpọ̀ ni bí àwọn ẹranko yìí ṣe to ẹyin wọn. Wọ́n ń tò ó ní òrùka, wọ́n sì ń fi àárín sílẹ̀. Kohei Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ọ̀pọ̀ ìtẹ́ irú èyí, wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde ní 2018: bí ẹranko náà bá ṣe tóbi tó ni àyè tó wà láàárín òrùka náà ṣe ń fẹ̀ tó. Nínú àwọn tó kéré, àárín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nínú àwọn tó tóbi jù, tí òrùka ẹyin wọn lé ní mítà 2 láti ìkángun kan sí èkejì, ilẹ̀ lásán ló gba ibi tó pọ̀ jù. Òbí ń gbé ìwúwo rẹ̀ lé ilẹ̀ àárín yẹn kí ó má baà fọ́ ẹyin. Àwọ̀ ẹyin náà tún bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní 2017, Jasmina Wiemann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹyin Heyuannia, ọ̀kan nínú ẹbí Oviraptor ní Ṣáínà, ní àwọ̀ búlúù tó papọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé. Ẹyin tí a ri mọ́lẹ̀ pátápátá kò ní ohun tó fẹ́ fi àwọ̀ ṣe, nítorí náà àwọ̀ náà jẹ́ àmì pé ìtẹ́ náà ṣí sílẹ̀, ó kéré tán ní apá kan.

Ṣé ìyá ni ó ń sàba, àbí bàbá? Ní 2008, David Varricchio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iye ẹyin inú ìtẹ́ Troodon, Oviraptor àti Citipati wé ti ẹyẹ àti ọ̀nì tó lé ní 400 irú. Wọ́n rí i pé ìtẹ́ dáínásọ̀ wọ̀nyí tóbi fún ara ẹni tó jókòó lé e ní ọ̀nà tó jọ ti àwọn ẹyẹ tó jẹ́ pé akọ ló ń tọ́jú ẹyin wọn. Wọ́n tún yẹ inú egungun àwọn àgbà tí wọ́n bá lórí ìtẹ́ wò, wọn kò sì rí irú egungun tó máa ń hù sínú egungun abo ẹyẹ nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, èyí tó fi ń kó kálísíọ̀mù pamọ́ fún èèpo. Ògòǹgò, tí a ń pè ní ọba ẹyẹ, kò jìnnà sí irú ìwà yìí, nítorí akọ rẹ̀ ló ń sàba lóru nígbà tí abo ń ṣe é lójú ọ̀sán. Àmọ́ ní 2013, àwọn onímọ̀ mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì sọ pé ìwọ̀n ìtẹ́ kò lè fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo. Pé àgbà kan kò ní egungun kálísíọ̀mù yẹn nínú kò sì fi hàn pé akọ ni, nítorí abo tó ti yé ẹyin rẹ̀ tán lè ti lò ó tán. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀, mo sì rò pé ohun tó dára ni kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rí tó lágbára jù yóò fi dé.

Iṣẹ́ náà kò kéré, ìbáà jẹ́ ìyá tàbí bàbá ló ń ṣe é. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń pa, ti ògòǹgò sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 42. Ní 2017, Gregory Erickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn ìlà tín-ín-rín tó máa ń hàn nínú eyín ọlẹ̀, ìlà kan fún ọjọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń ka òrùka inú igi láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹyin Protoceratops ń lò tó oṣù mẹ́ta kí ó tó pa, ti Hypacrosaurus, tí ẹyin rẹ̀ wúwo ju kìló 4 lọ, sì ń lò tó oṣù mẹ́fà. Láàárín oṣù mẹ́fà, àkúnya omi lè dé, ọ̀gbẹlẹ̀ lè dé, ẹran apanijẹ sì lè gbọ́ òórùn ìtẹ́ náà. Àwọn irú Hypacrosaurus kò lè sàba nítorí ìtóbi wọn; ewé ni wọ́n fi ń bo ẹyin, kí ewé náà lè jẹrà kí ó sì mú ooru wá. Ohun tí ó kù fún òbí láti ṣe ni kí ó dúró sítòsí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí ẹyin bá ti pa. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù lọ lórí èyí bẹ̀rẹ̀ ní 1978 ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta òkúta ní Bynum, ìlú kékeré kan ní Montana ní Amẹ́ríkà. Marion Brandvold, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, fi àwọn egungun kéékèèké kan han Jack Horner àti Bob Makela. Egungun ọmọ dáínásọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí egungun náà ti wá, wọ́n bá ìtẹ́ kan tí egungun àwọn ọmọ 11 wà nínú rẹ̀ tí 4 mìíràn sì wà nítòsí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó nǹkan bíi mítà 1. Wọ́n ti dàgbà kọjá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, eyín wọn ti jẹ nítorí oúnjẹ, èèpo ẹyin inú ìtẹ́ náà sì ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Horner àti Makela ṣàlàyé pé àwọn ọmọ náà dúró nínú ìtẹ́, òbí sì ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ní 1979 wọ́n sọ ẹranko náà ní Maiasaura, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ aláǹgbá tó jẹ́ ìyá rere. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àwọn ìtẹ́ mìíràn, tí àyè tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì tó nǹkan bíi mítà 7, ìyẹn bí àgbà kan ṣe gùn tó, gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ òkun ṣe ń kọ́ ìtẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Horner tún sọ pé oríkèé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà kò tíì le, nítorí náà wọn kò lè rìn jáde. Ibẹ̀ ni àtakò ti wọlé. Ní 1996, Nicholas Geist àti Terry Jones fi egungun ìbàdí ọmọ dáínásọ̀ wé ti ọmọ ẹyẹ àti ọmọ ọ̀nì, wọ́n sì rí i pé ó jọ ti àwọn tó lè dìde rìn lọ́jọ́ tí wọ́n jáde. Ẹ̀rí eyín náà kò dúró tó bí wọ́n ṣe rò tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n ti rí eyín tó ti jẹ lẹ́nu ọlẹ̀ àwọn ìbátan Maiasaura tí kò tíì jáde nínú ẹyin rárá; wọ́n ń ha eyín mọ́ ara wọn nínú ẹyin. Ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè yẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tó ti dàgbà ju ọmọ tuntun lọ ṣì wà pa pọ̀ nínú ìtẹ́ kan. Mo gbà pé ẹnì kan ń ṣọ́ wọn níbẹ̀. Pé ẹni náà ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, n kò rí ohun tó fi ìyẹn hàn. Ìtọ́jú yòówù kí wọ́n rí gbà, kò tó láti gba púpọ̀ nínú wọn là: ìwádìí tí Holly Woodward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2015 lórí egungun ojúgun Maiasaura 50 fi hàn pé nǹkan bíi 9 nínú 10 ló ń kú nínú ọdún àkọ́kọ́.

Ní ìkángun kejì ni àwọn ọlọ́rùn gígùn tó tóbi ju gbogbo ẹranko orí ilẹ̀ lọ wà. Ní 1997, wọ́n ṣàwárí ibì kan ní Patagonia, ní Ajẹntínà, tí wọ́n sọ ní Auca Mahuevo, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin irú àwọn wọ̀nyí ti tú ká ilẹ̀ lọ bí ojú ṣe lè rí i tó. Ẹyin wọn kéré sí ti ògòǹgò tàbí kí ó tó o, bẹ́ẹ̀ ìyá wọn wúwo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù. Kò sí bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣe lè jókòó lé e, ó sì ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ àwọn ọmọ pa bí ó bá dúró láàárín wọn. Ní Madagásíkà, Kristina Curry Rogers rí egungun ọmọ Rapetosaurus kan, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rùn gígùn, láàárín egungun mìíràn tí wọ́n ti kó pamọ́. Ìwádìí tó gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ọmọ náà wúwo nǹkan bíi kìló 3 ó lé díẹ̀ nígbà tó jáde nínú ẹyin, ó sì ti tó nǹkan bíi kìló 40 nígbà tó kú láàárín ọjọ́ 39 sí 77. Ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí ti àgbà, àmọ́ ó kéré ni. Ẹ̀dá tó ń dá rìn, tó ń dá jẹun láti ọjọ́ kìíní ni, ebi ìgbà ọ̀dá ló sì jọ pé ó pa á. Ní Gujarat ní Íńdíà, wọ́n rí ejò kan, Sanajeh, tó gùn tó mítà 3 ààbọ̀, tó ká ara rẹ̀ yí ẹyin tó ti fọ́ ká nínú ìtẹ́ àwọn ọlọ́rùn gígùn, pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí òbí kankan nítòsí wọn nínú àpáta náà.

Ó yẹ kí n sọ ti Liaoning ní Ṣáínà, nítorí ó kọ́ àwọn onímọ̀ ní ìkíyèsára. Ní 2004, ìròyìn jáde nípa egungun ọmọ Psittacosaurus 34 tó kóra jọ yí ẹyọ kan tó tóbi jù wọ́n lọ ká, àwọn ènìyàn sì gbà pé òbí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹni ńlá náà fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà tó láti bímọ. Bóyá ẹ̀gbọ́n wọn ló jẹ́, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló wà nígbà tí ikú dé. Ẹ̀rí tó dúró dáadáa jù ni ti Oryctodromeus ní Montana, tí Varricchio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní 2007: àgbà kan àti ọmọ méjì nínú ihò kan ṣoṣo tí ẹranko náà gbẹ́, ní nǹkan bíi 95 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọmọ tuntun mọ́. Wọ́n ti ju ìdajì àgbà náà lọ ní gígùn, síbẹ̀ wọ́n ṣì wà nínú ilé kan náà.

Ìdí tí èyí fi kọjá ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni pé àkókò tí ọmọ bá fi òbí sílẹ̀ ló ń sọ ohun tí yóò jẹ àti ẹni tí yóò bá du oúnjẹ. Ọmọ kìnnìún ń jẹ ohun tí ìyá rẹ̀ pa títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o ní ìtóbi. Bí ọmọ dáínásọ̀ bá tètè dá wà, a jẹ́ pé ẹranko kan náà ń gbé bí ẹranko oríṣiríṣi láti kékeré dé àgbà. Ní 2021, Katlin Schroeder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwùjọ dáínásọ̀ 43 wò láti orí gbogbo ilẹ̀ ayé. Wọ́n rí i pé níbi tí àwọn apanijẹ ńláńlá wà, àwọn apanijẹ tó wà ní ìwọ̀n àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ọmọ àwọn ńláńlá náà ló gba ipò wọn. Thomas Holtz ti Yunifásítì Maryland ti ń sọ ohun tó jọ èyí nípa Tyrannosaurus àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ní 2023, ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí dé láti Alberta ní Kánádà: ọ̀dọ́ Gorgosaurus kan, ìbátan Tyrannosaurus, tó wà láàárín ọdún 5 sí 7, tí ẹsẹ̀ ẹranko kéékèèké méjì ṣì wà nínú ikùn rẹ̀. Àwọn àgbà irú rẹ̀ ń pa àwọn ẹran ńlá tó ń jẹko, àmọ́ òun ń mú ohun tó yá lẹ́sẹ̀ tó sì kéré. Citipes ni àwọn méjì tó jẹ, ìbátan Oviraptor, tí wọn kò ju ọmọ ọdún kan lọ. Bí òbí àwọn ọmọ méjèèjì yìí bá sàba lé wọn bí ti Gobi ṣe ṣe, ìṣọ́ náà ti dópin kí Gorgosaurus tó dé bá wọn, tàbí kí ó jẹ́ pé kò tó láti gbà wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tó pẹ́ jù lọ wà ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín. Ní 1976, James Kitching rí ìdìpọ̀ ẹyin kan ní Rooidraai, nínú ọgbà ẹranko Golden Gate Highlands ní Gúúsù Áfíríkà. Ó tó ọdún 29 kí Robert Reisz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣàpèjúwe àwọn ọlẹ̀ Massospondylus tó wà nínú rẹ̀ ní 2005. Orí àwọn ọlẹ̀ náà tóbi, apá wọn gùn, wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní eyín, nítorí náà àwọn onímọ̀ náà rò pé ọmọ tó bá jáde bẹ́ẹ̀ kò lè dá bọ́ ara rẹ̀. Ìrònú yẹn gbára lé pé àwọn ọlẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ní 2020, Kimberley Chapelle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìmọ́lẹ̀ alágbára ti ẹ̀rọ ńlá kan ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, ya inú orí wọn. Àwọn ọlẹ̀ náà kò tíì kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí ó yẹ kí wọ́n lò nínú ẹyin. Ọlẹ̀ tí kò tíì gbó kò lè sọ fún wa bí ọmọ tó jáde ṣe rí.

Ẹ̀rí kejì láti ibi kan náà kò yẹ̀. Nígbà tí ikọ̀ Reisz padà lọ sí òkè náà, wọ́n rí ìtẹ́ tí kò dín ní 10 nínú ìpele ilẹ̀ tó yàtọ̀ síra, àwọn kan nínú wọn ní ẹyin tó tó 34, èyí tó fi hàn pé àwọn ẹranko yìí ń padà wá yé ẹyin síbẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ni wọ́n ti sọ nípa àmì ẹsẹ̀ kéékèèké tó wà lára àpáta ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ni, àmọ́ kì í ṣe ti ọmọ tuntun nìkan: àwọn kan tóbi tó láti jẹ́ ti ọmọ tó ti dàgbà tó ìlọ́po méjì bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nínú ẹyin. Wọn kò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ náà.